Ojú Pípọ́n Tí Kì í Ṣe Tràkómà

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé tràkómà kì í ṣe ìṣòro ìlera fún gbogbo ìlú mọ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Kòkòrò ló ń fa tràkómà. Á dápàá sí inú ìpéǹpéjú títí irun ibẹ̀ á fi yí sínú, tí á máa ha ẹyinjú. Bí àgbàlagbà kan bá gbéra láti ìlú Pobè tàbí Sakété níbẹ̀ lónìí, tó gbé irú àpá bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú, àrùn mìíràn wà tó yẹ kí wọ́n fura sí: pẹ́ńfígọ́ìdì ojú. Kò wọ́pọ̀, kì í sì í ràn.

Antíbọ́dì, ohun ìjà tí ẹ̀jẹ̀ fi ń mú kòkòrò, ló wà nídìí rẹ̀. Nínú àrùn yìí, ara ló ń rọ ohun ìjà náà sí ara rẹ̀. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bo funfun ojú àti inú ìpéǹpéjú. Àwọn purotéènì bíi BP180 àti laminin-332 ló so òkè awọ náà mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn ni antíbọ́dì ń lọ dì mọ́. Ó ń pe sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun wá, àwọn yẹn á tú èròjà tó ń jẹ nǹkan run sílẹ̀, ìsopọ̀ á já, omi á sì wọ àárín. Awọ á wú bí ọ̀dà lára ògiri tí omi ń yọ sí. Ìléròrò nìyẹn.

Bí ó bá yọ lẹ́nu, èèyàn lè rí ìléròrò náà. Nínú ojú, ó ṣọ̀wọ́n, torí awọ ibẹ̀ tín-ín-rín, kíá ló ń bẹ́. Ohun tí aláìsàn mọ̀ ni pé ojú ń pọ́n, ó ń ta, ó gbẹ. Lábẹ́lẹ̀, àpá ń gbilẹ̀, ìpéǹpéjú á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ẹyinjú. Ìkánjú ṣe iṣẹ́ abẹ lásìkò yìí léwu: àpá lè tibẹ̀ le sí i.

Láti mọ̀ ọ́n dájú, wọ́n á gé awọ bíńtín, wọ́n á fi àwọ̀ tó ń tàn sí i. Bí antíbọ́dì bá wà níbẹ̀, ìlà aláwọ̀ ewé tẹ́ẹ́rẹ́ á tàn lábẹ́ awò asọhun-kékeré-di-ńlá. Ọdún 1967 ni Robert Jordon, Ernst Beutner àti àwọn akẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà ti fi irú ọgbọ́n yìí rí antíbọ́dì nínú pẹ́ńfígọ́ìdì tó ń mú awọ ara.

Ọ̀kan nínú oògùn rẹ̀ kì í ṣe àjèjì ní Pobè, níbi tí Fondation Raoul Follereau ti dá ilé ìtọ́jú egbò Buruli àti ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀. Dápsónì, oògùn ẹ̀tẹ̀ ọjọ́ pípẹ́, ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ bí pẹ́ńfígọ́ìdì ò bá tíì le. Kì í ṣe pé ó ń pa kòkòrò kan nínú ojú. Sẹ́ẹ̀lì funfun wọ̀nyẹn ló ń kó níjàánu. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò: ọ̀pọ̀ èèyàn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n bí pẹ̀lú àìtó èròjà ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní G6PD, dápsónì sì lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa irú wọn. Bí àrùn bá le, ó di cyclophosphamide tàbí rituximab, tó ń dín àwọn sẹ́ẹ̀lì tí antíbọ́dì ti ń wá kù. Oògùn tí wọ́n ń kán sójú nìkan ò lè ká a, torí kì í ṣe inú ojú ni wọ́n ti ń rọ ohun ìjà náà.