Ọyẹ́ dé: kí irú yín má bàa bàjẹ́

Ẹ̀yin ìyá onírú, ẹ mọ ìyà tó wà nínú iṣẹ́ yìí. Ẹ se hóró irú láti àárọ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ gún un, ẹ bó èèpo rẹ̀, ẹ tún sè é. Igi ìdáná lọ, omi lọ, agbára lọ. Lẹ́yìn náà ẹ bò ó mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta ẹ ṣí i: ó le, kò fà, kò rùn bí irú. Ta ni yóò rà á?

Àwọn kan á ní ọwọ́ ẹni tó bò ó ni kò dára. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Kòkòrò kan tí ojú wa kò lè rí ni ó ń sọ hóró di irú. Bacillus subtilis ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ó ní èèpo líle tí ó máa ń sá pamọ́ sí, omi híhó kì í sì í pa á. Bí iná bá rọlẹ̀, á jí. Kò ní eyín. Oje kan ni ó ń tú jáde, tí a ń pè ní ẹ́ńsáìmù. Oje yìí ni ó ń gé èròjà amú-ara-dàgbà inú hóró sí wẹ́wẹ́, tí irú fi ń rọ̀, tí ó fi ń fà.

Ní àwọn ọdún 1960, ilé iṣẹ́ kan ní Denmark bẹ̀rẹ̀ sí í sin ìbátan kòkòrò yìí nínú àgbá irin ńlá, kí wọ́n lè fi oje rẹ̀ sínú ọṣẹ ìfọṣọ. Ẹ̀jẹ̀ tí ó ta sí aṣọ, oje náà ń gé e bí ó ti ń gé hóró irú. Ohun tí wọ́n ń ṣọ́ nínú àgbá náà ni ẹ̀yin náà ní láti ṣọ́: ooru, omi, afẹ́fẹ́ àti ìmọ́tótó.

Ooru ni olórí. Kòkòrò yìí fẹ́ràn ooru 35 sí 40 lórí tèmómítà. Ẹ kò ní tèmómítà? Ara ọmọ tí ara rẹ̀ dá jẹ́ 37. Ẹ ti ọwọ́ bọ abẹ́ àpò, kí ẹ fi kan ẹ̀gbẹ́ igbá. Bí ó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí abíyá ọmọ, ó dára. Bí ó bá tutù, ẹ gbé e sún mọ́ ààrò tí ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ fi àpò mìíràn kún un. Ẹ má gbé e sórí ẹ̀yinná o! Ẹ kó hóró náà jọ pọ̀, nítorí kòkòrò náà ń mú ooru tirẹ̀ wá, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ kì í gbóná. Nígbà ọyẹ́, ó lè gbà tó ọjọ́ kan sí i.

Ẹ sẹ́ omi rẹ̀ dáadáa. Bí omi bá dúró nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ kò ní í wọlé, kòkòrò mìíràn á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ewé àti àpò ni kí ẹ fi bò ó. Ẹ má dì í pa sínú ọ̀rá.

Àwọn ìyá kan kì í fọ igbá irú wọn, kí kòkòrò àná lè bẹ̀rẹ̀ ti òní. Wọ́n gbọ́n. Àmọ́ ní tiwa, ẹ fọ igbá náà, kí ẹ sì po ṣíbí kan irú tí ó dára mọ́ hóró tí ó ti tutù díẹ̀.

Bí ó bá hu irun dúdú, tàbí tí ó ń rùn bí òkú ẹran, ẹ dà á nù. Ìbátan kòkòrò yìí kan wà tí májèlé rẹ̀ kì í kú nínú ọbẹ̀ híhó. Èébì ni ó máa ń fà.

Iyọ̀ ńkọ́? Ẹ dúró kí irú jinná tán. Iyọ̀ tí ó bá yá jù á dá kòkòrò náà dúró.