Ìdí tí àwọ̀ pupa fi ń sọnù lábẹ́ omi, àti bí àwọn ayàwòrán ṣe ń dá a padà

Kò sí òkun ní Ìkàrẹ́ tàbí Ọ̀kà Àkókó. Òkè àti àpáta ló yí wọn ká. Síbẹ̀, oníṣẹ́ fọ́tò tó bá ti ya ìyàwó lábẹ́ kánópì aláwọ̀ ewé níbi ìnáwó ti mọ irú ìṣòro tí àwọn tó ń ya fọ́tò lábẹ́ òkun ń bá yí. Kánópì kì í jẹ́ kí gbogbo àwọ̀ inú ìmọ́lẹ̀ oòrùn kọjá, ojú ìyàwó a sì dà bíi ti ẹni tí ara rẹ̀ kò yá.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni omi ń ṣe. Àwọ̀ púpọ̀ ló para pọ̀ di ìmọ́lẹ̀ oòrùn, gẹ́gẹ́ bí òṣùmàrè ṣe ń fi hàn. Omi a máa gbé wọn mì níkọ̀ọ̀kan. Pupa ló ń kọ́kọ́ lọ. Láàárín mítà 5 sí 10, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àwọ̀ ọsàn àti ìyeyè a tẹ̀ lé e, búlúù ló sì ń pẹ́ jù nínú òkun tó mọ́. Ìdí nìyí tí ẹ̀jẹ̀ òmùwẹ̀ tó fara pa nísàlẹ̀ fi lè dà bí àwọ̀ ewé lójú ara rẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà tún un ṣe. Èkíní ni kí òmùwẹ̀ gbé iná dání. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2013, ọkọ̀ Jascon-4 rì sí nǹkan bíi mítà 30 nínú òkun nítòsí Escravos. Harrison Okene, alásè ọkọ̀ náà, wà láàyè níbẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí 60 kí àwọn òmùwẹ̀ tó ń wá òkú tó bá a. Iná wọn ni kámẹ́rà fi rí ọwọ́ rẹ̀. Ní irú ibú bẹ́ẹ̀, pupa yòówù tí fọ́tò bá fi hàn, láti ara iná ló ti wá. Ṣùgbọ́n iná gbọ́dọ̀ sún mọ́ ohun tí wọ́n ń yà, nítorí omi ń gbé ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ náà mì.

Èkejì ni kí wọ́n fi pátákó funfun han kámẹ́rà níbi tí wọ́n wà gan-an, kí ó lè mọ ohun tó ń jẹ́ funfun níbẹ̀. Bí wọ́n bá tún lọ sísàlẹ̀, wọn a tún un ṣe. Ẹ̀kẹta ni kọ̀ǹpútà. Ní ọdún 2019, Derya Akkaynak àti Tali Treibitz gbé Sea-thru jáde, ètò tó ń wo bí ohun kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí kámẹ́rà kó tó dá àwọ̀ rẹ̀ padà. Síbẹ̀, kọ̀ǹpútà kò lè dá àwọ̀ tí kámẹ́rà kò rí rárá padà.

Ọgbọ́n pátákó funfun yìí kò mọ sí inú òkun nìkan. Bébà funfun kan lábẹ́ kánópì ní Ìkàrẹ́ tàbí Ọ̀kà yóò ṣe irú iṣẹ́ kan náà, bí wọ́n bá fi han kámẹ́rà kí wọ́n tó ya ìyàwó.