Kíndìnrín Tuntun àti Ọ̀tá Inú Eruku

Ní ọdún 2000, ilé ìwòsàn St. Nicholas ní Èkó pààrọ̀ kíndìnrín fún aláìsàn kan, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní 2002, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ náà ṣe é.

Iṣẹ́ kò parí síbẹ̀. Kí ara má baà kọ kíndìnrín àjèjì náà, aláìsàn á máa lo oògùn bíi tacrolimus lójoojúmọ́. Oògùn yìí ló ń dẹ ọwọ́ àwọn ọmọ ogun ara, tí fọ́ńgọ́ọ̀sì fi ń ráyè wọlé. Ọ̀kan nínú wọn, Aspergillus, wà nínú eruku ọkà tó bu. Ẹ̀dọ̀fóró ló máa ń kọlù. Òmíràn, Cryptococcus, wà nínú ìgbẹ́ ẹyẹlé, ó sì lè dé ọpọlọ. Nítorí náà, bí ẹni tó gba kíndìnrín bá padà sílé ní Ìyàrá, ní ilẹ̀ Ìjùmú, kí ẹlòmíì máa bá a fẹ́ ọkà, kí ó sì jìnnà sí ilé ẹyẹlé.

Ìtọ́jú fọ́ńgọ́ọ̀sì gba ọgbọ́n. Oògùn amphotericin B lágbára, ṣùgbọ́n ó lè ba kíndìnrín tuntun náà jẹ́. Irú rẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀rá pò kì í ba kíndìnrín jẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Voriconazole ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ lò fún Aspergillus, àmọ́ ó ń mú kí tacrolimus pọ̀ lápọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀. Dókítà á dín tacrolimus kù, á sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lemọ́lemọ́.

Ibà, ikọ́ tàbí orí fífọ́ tí kò lọ kì í ṣe ohun tí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ń fi oògùn ibà lásán tọ́jú: ọ̀dọ̀ dókítà ló yẹ kó lọ lọ́jọ́ náà gan-an.