Fóònù Kò Gbọdọ̀ Jókòó Sórí Itan Awakọ̀ Mọ́

Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ tí wọ́n ń fi fóònù pè ní Ìyànà Ìbà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ kọ́kọ́ wo itan awakọ̀ náà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí fóònù tó ń júwe ọ̀nà fún un. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin náà kò yàtọ̀. Ọdún kẹrin rèé tó ti ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé èrò láàárín Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkókómáíkò, itan ọ̀tún rẹ̀ sì ni ìjókòó fóònù rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà tó ti iwájú LASU lọ sí Ìbà. Ọkọ̀ wọ kòtò kan, fóònù yọ̀ bọ́ lórí itan rẹ̀, ó sì há sábẹ́ bíréèkì. Ìyá kan tó ru agbọ̀n ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń sọdá níwájú wa. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ bíréèkì, kò wọlé tán. Ó tún un tẹ̀. Fóònù ń sọ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ pé kí a yà sí apá ọ̀tún. Bíréèkì ọwọ́ ló fà kí ọkọ̀ tó dúró. Àlàfo tó wà láàárín wa àti ìyá náà kò ju gígùn apá kan lọ. Ó sọ agbọ̀n rẹ̀ kalẹ̀, ó bú wa dáadáa, a sì bẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí a délé, ìyàwó rẹ̀, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ní: “Bàbá Ìbejì, fóònù yẹn kò gbọdọ̀ jókòó sórí itan yín mọ́. Ẹ wá ibòmíràn fún un, àbí kí ẹ fi ọkọ̀ náà sílẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe àṣejù. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé awakọ̀ tó ń lo fóònù lórí ìrìn súnmọ́ ìjàm̀bá ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin ju ẹni tí kò lò ó lọ. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀: ọkọ̀ tó ń sáré 60 kìlómítà ní wákàtí kan yóò ti rin 50 mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá 3. Ẹni tó bojú wo itan rẹ̀ fún ìwọ̀nba àkókò yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wakọ̀ kọjá ìdajì pápá bọ́ọ̀lù láìríran. Àjọ FRSC pàápàá ka lílo fóònù lórí ìrìn sí ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń torí rẹ̀ mú ènìyàn.

Ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ ra oníke kan lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri ọjà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, èyí tó ń fi ẹnu rọ́bà fa gíláàsì iwájú mọ́ra. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò. Oòrùn ọ̀sán mú gíláàsì gbóná, rọ́bà rọ̀, atẹ́gùn ráyè wọ abẹ́ rẹ̀, ó di gbì! Ìgbà náà ló rántí pé òun ti di ayùn mú rí lọ́dọ̀ bàbá wa tó jẹ́ káfíńtà.

Pákó pẹlẹbẹ tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n ṣe kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó gbé fóònù lé e, ó fi bírò fa ìlà yí i ká, ó fi ìwọ̀n ìka kan kún un ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó sì gé e. Ó kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí ètè, kí fóònù lè rí ibi fẹsẹ̀ tẹ̀. Ó gé àlàfo sí àárín igi náà kí okùn tí a fi ń gba iná lè ráyè wọlé. Èmi ló ní kí n fi sáńpépà ha igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí wọn yóò fi rí róbótó, torí igi tó mú ní igun kò ṣe é gbé síwájú ojú ènìyàn nínú ọkọ̀. A lẹ fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ojú pákó, òun ni yóò máa gba ìgbọ̀nrìrì kòtò dípò fóònù.

Dídè ló kù. Ẹni tó ń lẹ táyà ní àdúgbò wa fún wa ní tíúbù àtijọ́ kan. Ẹ̀gbọ́n mi fi sísọ́ọ̀sì gé e bí òrùka, ó sì fi méjì há igun fóònù, kí rọ́bà má baà bo àwòrán ilẹ̀. Ó tẹ wáyà hángà bí ìkọ́ méjì sẹ́yìn pákó, ó sì fi wọ́n kọ́ ojú ihò tí atẹ́gùn tútù ti ń jáde. Àṣìṣe wa nìyẹn: ike ihò náà kò lágbára, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Ni a bá kan ẹsẹ̀ kékeré kan mọ́ ìdí pákó kí ó lè dúró lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, kí ìkọ́ wulẹ̀ máa dì í mú.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe tiyín, ibi tí ẹ ó gbé e sí ṣe pàtàkì ju bí yóò ti rẹwà lọ. Kò gbọdọ̀ dí títì lójú awakọ̀. Kò gbọdọ̀ wà níwájú ibi tí wọ́n kọ “airbag” sí, nítorí bí àpò náà bá tú, pákó yóò di òkò. Ẹ tẹ ibi tí ẹ ń lọ sínú fóònù kí ọkọ̀ tó gbéra. Pákó kò sọ títẹ fóònù lórí ìrìn di ohun tó tọ́.

Ibi gíga tún ran fóònù fúnra rẹ̀ lọ́wọ́. GPS tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe, tó sì pé ní 1995, ń lo sátẹ́láìtì tó ń yí ayé ká ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà sókè. Mẹ́rin nínú wọn ni fóònù gbọ́dọ̀ gbọ́ kí ó tó mọ ibi tó wà dájú. Orí itan, lábẹ́ òrùlé onírin, kò rí ojú ọ̀run bí iwájú gíláàsì ti rí i. Oòrùn ńkọ́? Apple ní kí àwọn tó ń lo iPhone má lò ó níbi tí ooru bá ti kọjá 35°C, dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ tó dúró sínú oòrùn ní Alábà sì ń gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Atẹ́gùn tútù ló ń tu fóònù ẹ̀gbọ́n mi lára, lọ́jọ́ tó bá tan ẹ́sì. Kí n má parọ́, owó epo kì í jẹ́ kí ó tàn án lójoojúmọ́.

Àwòrán ilẹ̀ kò mọ ohun gbogbo o. Èrò á ní kí wọ́n sọ òun sí ẹ̀yìn Volks, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá alákàrà. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ìjàpá pọ̀ nílé iṣẹ́ Volkswagen tó fún ibùdókọ̀ náà ní orúkọ, ẹnu ni àwọn tó ń wa ìjàpá sì fi ń béèrè ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì máa ń béèrè, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti wà lórí sítíárìn báyìí.

Oṣù kẹta rèé. Oòrùn ti mú kí òrùka rọ́bà kan sán. Alátáyà náà gé òmíràn fún un, kò sì gba owó.