Ta Ni Ó Ni Owó Inú Àpótí Náà?

Olóòtú ìwé wa yìí ni ó ní kí n kọ nǹkan díẹ̀ nípa lẹ́tà tí ilé-iṣẹ́ oníṣòwò kan kọ sí ẹgbẹ́ wa, èyí tí a óò jíròrò lé lórí ní ìpàdé gbogbogbò tí ń bọ̀. Èmi kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, iṣẹ́ akọ̀wé rélùwéè ni mo sì fi ń bọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti kàn mí nínú ilé ara mi, òun ni mo ṣe gbé kálámù.

Fún àwọn tí kò wá sí ìpàdé tí ó kọjá, ohun tí ó wà nínú lẹ́tà náà nìyí. Gbogbo wa mọ̀ pé ìjì ti ṣí òrùlé yàrá ìkàwé méjì ní ilé-ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ wa, abẹ́ igi máńgòrò ni àwọn ọmọ wa sì ń jókòó sí kàwé. Ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn fẹ́ bá wa kan òrùlé náà. Wọn yóò gbé àpótí sí iwájú ibi tí wọ́n ti ń gba owó nínú ilé-ìtajà wọn, wọn yóò sì gbé òmíràn wá sí àjọ̀dún wa. Àwọn oníbàárà ni yóò máa sọ owó sínú rẹ̀. Bí àpótí bá kún, ilé-iṣẹ́ yóò kó owó náà fún wa, àwa yóò sì kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ náà gàdàgbà sí ara ògiri.

Àwọn kan nínú wa ní kí a gbà á kíá, nítorí òjò kò ní dúró dè wá. Àwọn mìíràn ní ìtìjú ni, pé kí ẹni tí ń jèrè yanturu máa fi àpótí tọrọ lọ́wọ́ ẹni tí ń ṣọ́ owó ná. Èmi rò pé òtítọ́ wà lẹ́nu apá méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Ní òru ọjọ́ 28 mọ́ ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, òjò ńlá rọ̀, omi sì ya wọ ìlú Mọ́kwà. Kò sí ẹni tí kò mọ Mọ́kwà nínú wa. Ojú irin tí ó ti Èkó wá máa ń gba ibẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti ré odò Ọya kọjá ní Jẹ́bà, ibẹ̀ sì ni àwọn oníṣòwò wa láti ìsàlẹ̀ ti ń pàdé àwọn àgbẹ̀ òkè láti ra oúnjẹ. Ènìyàn tí ó ju 150 lọ ni omi náà pa, àwọn tí ó lé kúrò nínú ilé wọn sì ju 3,000 lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìyàwó mi mú ọ̀kan nínú àwọn ìbejì wa dání lọ sí ilé-ìtajà ńlá kan tí n kò ní dárúkọ. Ó ra ìrẹsì, ọṣẹ àti mílíìkì. Nígbà tí ó fẹ́ san owó, ọmọbìnrin tí ń gba owó bi í léèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé kí a fi ṣéńjì yín ran àwọn ará Mọ́kwà lọ́wọ́?” Ènìyàn bí i mẹ́fà ló tò sí ẹ̀yìn rẹ̀, gbogbo wọn sì ń wò ó lẹ́nu. Ṣéńjì náà jẹ́ ₦450, owó kẹ̀kẹ́ tí ìbá gbé àwọn méjèèjì délé sì ni. Ó ní kí wọ́n mú un. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn wálé nínú oòrùn. Lójú ọ̀nà ni ọmọ náà bi ìyá rẹ̀ pé, “Màámi, ta ni yóò gbé owó wa dé ọ̀dọ̀ wọn? Ṣé wọn yóò sọ fún wọn pé àwa ni?” Ìyá rẹ̀ dá a lóhùn pé Ọlọ́run rí i.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà ni mo rí fọ́tò nínú ìwé ìròyìn. Máníjà ilé-ìtajà náà wọ kóòtù, ó gbé ṣẹ́ẹ̀kì oní-páálí ńlá lọ́wọ́, ó ń fi í fún àwọn ìjòyè, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Ohun tí wọ́n kọ sí abẹ́ rẹ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ náà ta àwọn ará Mọ́kwà lọ́rẹ. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ nípa àwọn oníbàárà. Ìyàwó mi wò ó títí, ó ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ wo ₦450 mi, ó ti wọ kóòtù.” A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn. Kì í ṣe pé owó náà dùn wá.

Ní oṣù kan náà ni ẹgbẹ́ wa dá owó fún ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tí omi gbé ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ ní Mọ́kwà. Ẹ rántí bí ó ti rí. Akápò dìde, ó ka orúkọ gbogbo ènìyàn pẹ̀lú iye tí oníkálukú mú wá, láti orí olóyè tí ó fi ₦50,000 sílẹ̀ títí dé orí ìyá alákàrà, opó, tí ó mú ₦500 wá. Nígbà tí a ka ₦500 yẹn, ṣé ẹ rántí bí gbogbo ilé ti pàtẹ́wọ́? Ènìyàn mẹ́ta ni ó gbé owó náà lọ, wọ́n sì mú ìwé tí ẹni tí ó gbà á fọwọ́ sí padà wá. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ti oníkálukú lórúkọ.

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ dájọ́ láìgbọ́ tẹnu ẹnìkejì. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa ni àṣà àpótí yìí ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ti ṣe oore púpọ̀ fún ọmọ aráyé. Ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà, agbábọ́ọ̀lù kan wà tí ń jẹ́ Fred Hill, tí ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré ní àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Òun àti ìyàwó rẹ̀ a máa sùn lórí àga ní ọsibítù, wọ́n sì rí àwọn òbí mìíràn tí ó wá láti ọ̀nà jíjìn tí kò ní ibi tí wọn yóò fi orí lé. Dókítà obìnrin kan, Audrey Evans, ti ń wá ilé tí irú àwọn òbí bẹ́ẹ̀ yóò máa gbé. Ilé oúnjẹ McDonald's ti agbègbè náà fi owó tí wọ́n rí lórí mílíìkì aláwọ̀ ewé kan tí wọ́n ń tà ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n sì ní kí ilé náà máa jẹ́ orúkọ aláwàdà tí wọ́n fi ń polówó ọjà wọn, Ronald McDonald. Ọdún 1974 ni wọ́n ṣí ilé náà. Lónìí irú ilé bẹ́ẹ̀ wà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, òbí tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn sì ń rí ibi sùn. Ta ni yóò sọ pé èyí kò dára? Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé àpótí tí ó wà níwájú ibi ìgbowó ilé oúnjẹ wọnnì, owó wẹ́wẹ́ àwọn oníbàárà ni ń wọ inú rẹ̀, orúkọ tí ó sì wà lára ilé ni ti aláwàdà.

Ní ọdún 1987 ni UNICEF náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó wẹ́wẹ́ tí ó ṣẹ́ kù sí àpò àwọn tí ń wọ bàálù, fún ìtọ́jú àwọn ọmọdé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 2010 ni ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Pennies ti ń jẹ́ kí ẹni tí ó fi káàdì rajà fi díẹ̀ kún owó rẹ̀ fún àánú. Ní Amẹ́ríkà, owó tí àwọn ilé-ìtajà gbà lọ́wọ́ oníbàárà lọ́nà yìí ní ọdún 2022 nìkan ju mílíọ̀nù 700 dọ́là lọ. Àwọn kan a sì máa sọ pé ilé-ìtajà ń fi owó wa dín owó-orí tirẹ̀ kù. Ní Amẹ́ríkà, òfin kò gbà bẹ́ẹ̀. Owó oníbàárà kì í ṣe owó ilé-ìtajà, oníbàárà tí ó bá pa rìsíìtì rẹ̀ mọ́ ni ó lè fi í ṣírò owó-orí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ṣe òfin kan ní ọdún 1992 pé oníṣòwò tí ó bá ń polówó ọjà rẹ̀ pé apá kan owó náà yóò lọ sí ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ aláàánú gbọ́dọ̀ sọ ẹgbẹ́ tí owó náà ń lọ bá, kí ó sì sọ iye tí yóò lọ.

Ẹ̀yin ará mi, òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìí kò yàtọ̀ sí ohun tí a ń ṣe ní rélùwéè. Ní ọ́fíìsì ẹrù níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́, ẹrù kan kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ láìní ìwé tí a ń pè ní wébíìlì. Orúkọ ẹni tí ó fi ẹrù ránṣẹ́ wà níbẹ̀, orúkọ ẹni tí yóò gbà á wà níbẹ̀, ìwọ̀n ẹrù sì wà níbẹ̀. Bí ẹrù bá gúnlẹ̀ láyọ̀, a dúpẹ́ lọ́wọ́ rélùwéè. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí ọjọ́ kan tí rélùwéè gbé àpò iṣu ẹnìkan dé Kánò, tí ó wá sọ fún ẹni tí ó gbà á pé, “Èmi ni mo fi iṣu yìí ta ọ́ lọ́rẹ.” Ẹni tí ó gbé ẹrù kọ́ ni ó ni ẹrù. Ilé-iṣẹ́ tí ó gbé àpótí síta, agbẹ́rù ni. Kí ó gba ọpẹ́ agbẹ́rù, kí ó má gba ọpẹ́ olówó.

Bí ó bá fẹ́ gba ọpẹ́ olówó, kí ó mú owó tirẹ̀ wá. Àwọn àgbà wa ní ẹni tí yóò dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni a ń wò. Àwọn ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ wa sì lè ṣe é. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà àrùn Kòrónà, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá àti àwọn báńkì pa ọwọ́ pọ̀ pẹ̀lú Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa, wọ́n sì pe ara wọn ní CACOVID. Wọ́n tẹ orúkọ àwọn tí ó dá owó jáde pẹ̀lú iye rẹ̀. Alhaji Aliko Dangote dá ₦2 bílíọ̀nù, ilé-iṣẹ́ BUA ti Alhaji Abdul Samad Rabiu dá ₦1 bílíọ̀nù. Ẹni tí ó fi ránṣẹ́ hàn, ìwọ̀n ẹrù sì hàn. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, ọ̀pọ̀ nínú oúnjẹ tí a fi owó náà rà ṣì wà nínú ilé ìkẹ́rùsí nígbà tí àwọn ènìyàn já wọ inú wọn ní Ìlọrin, ní Jọ́ọ̀sì àti ní Kàdúná. Ẹrù kò tíì dé ọwọ́ ẹni tí yóò gbà á. Nítorí náà, bí ọ̀kan nínú ohun mẹ́ta tí ó wà nínú wébíìlì bá kù, iṣẹ́ kò pé.

Ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ wa sọ fún mi pé owó kọ́ńpìnnì kì í ṣe ti máníjà, pé àwọn tí ó ní ìpín níbẹ̀ ni ó ni ín, kò sì lè máa fi ta ènìyàn lọ́rẹ bí ó ti wù ú. Òdodo ni. Ṣùgbọ́n bí àwọn tí ó ní ìpín kò bá fẹ́ fi kọ́bọ̀ sílẹ̀ nínú èrè wọn, kí ni wọn yóò fi orúkọ wọn ṣe lára ògiri ilé-ẹ̀kọ́ wa?

Ìmọ̀ràn mi nìyí, ẹ óò sì gbà á tàbí kí ẹ kọ̀ ọ́ ní ìpàdé. Kí a má ṣe dá lẹ́tà náà padà pẹ̀lú ìbínú. Kí Akọ̀wé wa fi ọ̀wọ̀ dá wọn lóhùn pé a gbà, bí wọ́n bá lè ṣe ohun mẹ́rin. Èkíní, iye tí àwọn oníbàárà bá dá, kí ilé-iṣẹ́ fi iye kan náà lé e láti inú àpò tirẹ̀. Èkejì, kí wọ́n ṣí àpótí lójú ènìyàn méjì láti inú ẹgbẹ́ wa, kí a sì lẹ iye rẹ̀ mọ́ ara ògiri ilé-ìtajà níbi tí ẹni tí ó dá a yóò ti rí i. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n má ṣe máa bi ènìyàn léèrè lójú àwùjọ. Àpótí kì í sọ̀rọ̀, ẹni tí ó bá wù yóò rí i. Ẹ̀kẹrin, kí ohun tí a óò kọ sí ara ògiri jẹ́ pé àwọn oníbàárà àti ilé-iṣẹ́ náà ni wọ́n jọ kan òrùlé yìí.

Bí wọ́n bá gbà, kí a pa màlúù fún wọn ní ọjọ́ ìṣílé. Bí wọ́n bá kọ̀, ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ẹ jẹ́ kí a dá owó náà fúnra wa kí òjò tó le. Èmi fi ₦10,000 sílẹ̀ báyìí, ìyàwó mi fi ₦450 lé e. Ó ní kí Akápò kà á sókè, kí ọmọ òun gbọ́.