Adágún Òkè Ayọnáyèéfín àti Aṣálẹ̀ Iyọ̀: Èwo Ni Kí A Lọ Wò?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kí á wo ara wa àti àpò wa kí a tó yan ibi tí a ó rìnrìn àjò lọ. Púpọ̀ nínú wa ló ti fẹ̀yìn tì báyìí, àwọn ọmọ sì ń béèrè pé, "Dádì, Mọ́mì, níbo lẹ fẹ́ kí á mú yín lọ?" Nínú ìdílé tèmi, orílẹ̀-èdè Ethiopia ni ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí, ibi méjì ló sì wà nílẹ̀: àwọn adágún ìlú Bishoftu àti aṣálẹ̀ iyọ̀ Danakil. N ó ṣe àlàyé méjèèjì, kí olúkúlùkù lè mọ èyí tó bá a mu.

ÀWỌN ADÁGÚN BISHOFTU

Bishoftu kò ju nǹkan bíi kìlómítà 45 lọ sí Addis Ababa. Òkè ayọnáyèéfín ni òkè tí iná àti òkúta yíyọ́ ń ti inú rẹ̀ tú jáde. Ní ayé àtijọ́, òkúta yíyọ́ pàdé omi lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, omi náà di ooru lójijì, ilẹ̀ sì bú gbàmù. Kòtò ńlá bí àwo ló ṣẹ́kù, omi òjò àti omi abẹ́ ilẹ̀ sì kún un. Adágún Bishoftu fúnra rẹ̀ jìn ju mítà 80 lọ. Nàìjíríà náà ní irú rẹ̀: adágún Tilla ní ilẹ̀ Biu, ìpínlẹ̀ Borno.

Iṣẹ́ ìjọba ló gbé mi dé Addis Ababa ní ọdún 2008, mo sì lo ọjọ́ kan ní Bishoftu. Ìlú náà fi nǹkan bíi mítà 1,900 ga ju òkun lọ, nítorí náà atẹ́gùn rẹ̀ tutù. Ilé ìtura wà níbẹ̀ tí ènìyàn lè jókòó sí, kó máa wo omi àti ẹyẹ láìrìn jìnnà. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kòtò náà dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹni tí orúnkún ń dùn, kó wò ó láti òkè.

Létí adágún Hora ni àwọn Oromo ti ń ṣe ọdún Irreecha nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí wọ́n ń mú koríko tútù àti òdòdó lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹni tó bá ti dé Ọ̀ṣun Òṣogbo nínú oṣù kẹjọ yóò mọ bí èrò ṣe ń pọ̀ tó. Ní ọdún 2016, ọ̀pọ̀ ènìyàn kú níbẹ̀ nígbà tí èrò ń sá tí wọ́n sì ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Kí àgbàlagbà má lọ ní ọjọ́ ọdún.

Kí a má sì rò pé gbogbo irú adágún yìí ló tutù lójú tó sì tutù nínú. Ní Cameroon tó múlé tì wá, afẹ́fẹ́ olóró tú jáde láti inú adágún Nyos lóru ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1986, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 1,700. Ẹ béèrè ìtàn adágún kí ẹ tó sùn sí etí rẹ̀.

AṢÁLẸ̀ IYỌ̀ DANAKIL

Danakil wà ní ilẹ̀ àwọn Afar, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn. Ilẹ̀ ibẹ̀ fi ohun tó ju mítà 100 lọ rẹlẹ̀ ju ojú òkun lọ. Òkun Pupa ló ya wọ ibẹ̀ nígbà láéláé. Nígbà tí ọ̀nà omi dí, oòrùn fa omi náà gbẹ, iyọ̀ ló ṣẹ́kù, funfun báláú títí ibi tí ojú lè rí i dé. Ní Dallol, omi gbígbóná ń sun láti inú ilẹ̀, ó ní àwọ̀ ìyeyè àti àwọ̀ ewé, ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ó lè bó ni lára bí omi bátìrì. Bí a bá pín ooru Dallol káàkiri ọdún, tọ̀sán tòru, ó tó nǹkan bíi 34 lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Àwọn ènìyàn ń fi àáké gé iyọ̀ yìí, wọ́n ń dì í lé ràkúnmí lọ sí ọ̀nà Mekele. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń ná ègé iyọ̀ tí wọ́n ń pè ní amole ní Ethiopia, bí àwọn baba ńlá wa ṣe ń ná owó ẹyọ. Ọmọkùnrin mi dé ibẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2019. Ó ní ohun tí òun kò lè gbàgbé ni àwọn ọkùnrin tó ń gé iyọ̀ nínú oòrùn náà fún owó táṣẹ́rẹ́. Ẹni tó bá lọ, kó má ya fọ́tò wọn láìtọrọ àyè.

Ọ̀nà ibẹ̀ náà ní ewu tirẹ̀. Ní ọdún 2012, wọ́n pa àlejò márùn-ún nítòsí òkè Erta Ale. Ogun Tigray gba ọdún méjì, láti 2020 sí 2022. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, òkè Hayli Gubbi tó wà ní agbègbè náà tú eérú sí ojú ọ̀run. Ẹ gbọ́ ìròyìn tuntun kí ẹ tó sanwó, kí ẹ má sì lọ láìsí amọ̀nà.

BÍ A ṢE LÈ YÀN

1. Ara: Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, àìsàn ọkàn tàbí ti kídìnrín, kó má dé Danakil, torí ilé ìwòsàn jìnnà. Ẹni tó ní àìsàn ọkàn tàbí fòníkúfọ̀ladìde, kó bi dókítà rẹ̀ léèrè kó tó lọ sí Bishoftu pàápàá, nítorí gíga ilẹ̀.

2. Ìgbà: Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ló dára jù fún ibi méjèèjì.

3. Owó: Ọkọ̀ kan láti Addis Ababa tó fún Bishoftu. Danakil ń fẹ́ ọkọ̀ alágbára, amọ̀nà, ẹ̀ṣọ́, omi púpọ̀ àti sísùn níta. Ẹ má gbàgbé káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú.

Èrò tèmi ni pé kí àwa àgbà lọ sí Bishoftu, kí àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn le lọ sí Danakil, kí wọ́n wá ròyìn fún wa. Ohun kan ló ń kọ mí lóminú. Púpọ̀ nínú wa ló ń fi àìsàn pamọ́ fún ọmọ tó fẹ́ sanwó, kí wọ́n má baà sọ pé a ti darúgbó. Ọmọ tí kò mọ̀ pé bàbá òun ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lè fi ìfẹ́ mú un lọ sínú ooru tí yóò pa á. Ẹ jẹ́ kí á sọ òtítọ́ fún wọn. Àwọn ọmọ náà, kí ẹ fara balẹ̀ béèrè, kí ẹ má sì fi ìdáhùn náà ṣe yẹ̀yẹ́.

A ó lọ ire, a ó bọ̀ ire. Ẹgbẹ́ wa yóò máa tẹ̀síwájú o. Àṣẹ.