Bí wọ́n bá fo orúkọ yín nígbà ìgbéga, ẹ má jẹ́ kó di àìsàn

Lọ́sẹ̀ yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibà tàbí oúnjẹ ọmọdé la fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ ni, àmọ́ ó máa ń tẹ̀ lé èèyàn délé, ó sì máa ń wọnú ara. Òṣìṣẹ́ kan ṣe ìdánwò ìgbéga, ó dáhùn ìbéèrè níwájú ìgbìmọ̀, ó ń retí. Nígbà tí wọ́n lẹ orúkọ mọ́ ògiri, tiẹ̀ kò sí níbẹ̀. Èyí tó tún dùn ún jù ni pé orúkọ ọmọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ níṣẹ́ ló wà lókè.

Bí kò bá tíì ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yin, ó lè ti ṣẹlẹ̀ sí ọkọ yín, ìyàwó yín tàbí ọmọ yín, kí wọ́n má sì sọ ọ́ fún yín. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí gbogbo ilé mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yìí lè fà, àti ohun tí a lè ṣe sí i.

Kí ló dé tó fi ń dunni tó bẹ́ẹ̀?

Níṣẹ́ ìjọba, ìgbéga kì í ṣe ohun ọdọọdún. Bí òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ bá ti dé lẹ́fẹ̀lì 8, ó kéré tán, ọdún mẹ́ta ni òfin ní kó lò lórí ìpele kan kó tó lè gun èyí tó kàn. Bó bá dé 10, orí 12 ló ń lọ, nítorí kò sí lẹ́fẹ̀lì 11. Ẹni tí wọ́n bá fò lẹ́ẹ̀kan ti bọ́ sẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọjọ́ kò dúró de ẹnikẹ́ni. Yàtọ̀ sí àwọn iṣẹ́ kan tí ìjọba ti fi ọdún kún tiwọn, bíi ti olùkọ́, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ló gbọ́dọ̀ fẹ̀yìn tì bí wọ́n bá pé ẹni 60 ọdún, tàbí bí wọ́n bá ti lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé. Ẹni ọdún 57 tí wọ́n fo orúkọ rẹ̀ mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibi tó wà yẹn ni òun máa bá fẹ̀yìn tì.

Ó kan owó ìfẹ̀yìntì náà. Lábẹ́ òfin ọdún 2014, nínú 100 náírà owó oṣù, ó kéré tán, òṣìṣẹ́ ń dá 8 náírà, ẹni tó gbà á síṣẹ́ sì ń dá 10 náírà sí àpò ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Bí owó oṣù bá kéré, ohun tó ń wọ àpò yẹn náà kéré. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i tí bàbá tàbí ìyá ilé kàn dákẹ́ lójijì, ẹ má rò pé ìgbéraga ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ìṣirò ni wọ́n ń ṣe.

Ohun tó ń ṣe nínú ara

Bí èèyàn bá rí ejò lójú ọ̀nà, ọkàn rẹ̀ a máa lù kìkì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a ru, kó lè sá tàbí kó lè jà. Bí ejò bá ti lọ, ara a balẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbínú ibi iṣẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Láràárọ̀ lẹ ń pàdé ejò yìí, ẹ tún ń kí i pé ẹ káàárọ̀ sà. Ara kì í wá ráyè balẹ̀. Ibẹ̀ ni àìróorunsùn, orí fífọ́, inú rírun àti àìfẹ́ jẹun ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àwọn oníṣègùn ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Ní ọdún 1967, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa ìlera àwọn ọkùnrin òṣìṣẹ́ ìjọba tó lé ní 17,000 nílùú London. Wọ́n rí i pé ikú àrùn ọkàn láàárín àwọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá tó ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn ọ̀gá tó wà lókè. Sìgá àti ẹ̀jẹ̀ ríru kò tó láti ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Ní 1985, Ọ̀jọ̀gbọ́n Michael Marmot àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn, tí wọ́n fi obìnrin kún un. Èyí fi hàn pé àrùn ọkàn máa ń sún mọ́ ẹni tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ kankan lórí iṣẹ́ tó ń ṣe. Lórílẹ̀-èdè Jámánì náà, Johannes Siegrist ṣàlàyé ní 1996 pé ohun tó ń pa ara lára ni kéèyàn fi gbogbo agbára ṣiṣẹ́, kí owó, iyì àti ìgbéga má sì tó ohun tó ṣe.

Èyí kò túmọ̀ sí pé ẹni tí wọ́n bá fò máa ní àrùn rọpárọsẹ̀ o. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ká má fojú kékeré wo ìbànújẹ́ náà.

Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru yín wò

Obìnrin kan mú ọkọ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa rí. Ó ní ibà ni, pé wọ́n ti lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mejì tí kò lọ. Kò sí ibà lára bàbá náà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ru. Nígbà tí a bi í pé kí ló ń rò, ó ní kò sí nǹkan kan. Ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ jáde lọ sanwó ló tó sọ pé ẹ̀ẹ̀kejì tí wọ́n fo òun nìyẹn, pé ìyàwó òun kò mọ̀, pé owó ìgbéga yẹn ló fi ń retí páànù ilé wọn. Oògùn wà fún ẹ̀jẹ̀ ríru, a sì fún un. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó sọ ọ̀rọ̀ náà fún ìyàwó rẹ̀ ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn.

Bí ẹ bá fẹ́ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ má jẹ obì, ẹ má mu kọfí, ẹ má fa sìgá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú. Ẹ tọ̀, ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ̀yìn yín rí ibi fara tì, kí apá yín wà lórí tábìlì. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá ń jẹ́ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ bíi mélòó kan, ẹ lọ rí dókítà. Bó bá dé 180/120, tí àyà ń dunni, tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kan kú tipiri, tí ẹnu wọ́ tàbí tí ojú ń ṣú, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

Ẹni tó bá ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀ kò gbọ́dọ̀ torí ìbínú pa á tì. Ẹ má máa da ìbuprofen tàbí diclofenac sẹ́nu lójoojúmọ́ nítorí orí fífọ́, wọ́n máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ru sí i. Ẹ má fi Valium tàbí Lexotan tí dókítà kò kọ fún yín wá oorun, nítorí ó máa ń di bárakú. Paraga kò sì í tán ìbànújẹ́. Bí ọtí bá dá lójú, ẹjọ́ ṣì wà nílẹ̀. Bí ìrẹ̀wẹ̀sì bá lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, tí nǹkan kan kò wu èèyàn ṣe mọ́, tàbí tó ń sọ pé ikú yá ju ayé òun lọ, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn. Kì í ṣe ẹni tó ń jà ní ìgboro nìkan ni wọ́n ń tọ́jú ní Aro, l'Abẹ́òkúta.

Ẹ jẹ́ kí ilé gbọ́

Ohun tó ń dunni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, àmọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìtìjú kì í jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Gbólóhùn kan tó. "Wọn ò fún mi ní ìgbéga yẹn, ó sì dùn mí." Lẹ́yìn náà, kí tọkọtaya jókòó tún ìnáwó ọdún yẹn ṣe. Ẹ má yáwó lórí owó tí kò tíì wọlé.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín bá gbé ọ̀rọ̀ yìí wá bá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ́kọ́ bi í pé, "Ṣé o ò ṣiṣẹ́ dáadáa ni?" Ẹ má sọ fún un pé ọmọ lágbájá ti di ọ̀gá. Ẹ má sì sọ pé ọwọ́ ayé ni, kí ó má baà lọ máa wo gbogbo ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bí ọ̀tá. Ẹ gbàdúrà fún un, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ẹ má yáwó fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun ti rí ọ̀tá rẹ̀ nínú ọ́fíìsì. Ẹ gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, kí ẹ gbọ́ ọ tán.

Kí ni ṣíṣe níbi iṣẹ́?

Ẹ má kọ lẹ́tà lọ́jọ́ tí inú ń bí yín. Ẹ sùn lé e lórí. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ fi pẹ̀lẹ́ béèrè: ṣé máàkì ni kò tó, ṣé ọdún ni kò pé, ṣé àyè ni kò sí, àbí ìwé kan ló sọnù nínú fáìlì? Ẹ béèrè bóyá ìwé ẹ̀rí yín, lẹ́tà tí wọ́n fi sọ iṣẹ́ yín di gidi àti àbọ̀ iṣẹ́ ọdọọdún yín pé níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ìwé ló sọnù, ẹ dá ẹ̀dà rẹ̀ padà. Bó bá jọ bí ìrẹ́jẹ, ẹ kọ̀wé gba ọwọ́ ọ̀gá ẹ̀ka yín sí àjọ tó ń rí sí ìgbéga, ẹ fi ẹ̀dà pa mọ́ sílé, ẹ sì sọ fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́.

Wọ́n ti fo èmi náà rí, ní ọsibítù kan. Dípúlómà ni mo ní, ẹni tó ní dìgírì ni wọ́n mú, ara ògiri ni mo sì ti kà á. Mo lọ bá mátírọ̀n wa, wọ́n sọ fún mi láìfi bò pé ìwé ẹ̀rí ni wọ́n wò lọ́dún yẹn. Kò dùn mọ́ mi nínú, àmọ́ mo sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ohun téèyàn mọ ìdí rẹ̀ kì í gba oorun lójú ẹni bí èyí téèyàn ń méfò.

Ní ti ẹni tí wọ́n gbé ga, ẹ kí i kú oríire. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í ṣe òun ló kọ orúkọ náà. Ẹ̀yin àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ẹ sọ ìtàn ìgbà tí wọ́n fo ẹ̀yin náà fún àwọn ọmọ yín, kí wọ́n lè mọ̀ pé èèyàn ń là á já. Ìlera loògùn ọrọ̀. Ìdánwò mìíràn ń bọ̀ lọ́jọ́ iwájú, ara líle la fi ń ṣe é.